Flash yín ṣófo lójijì? Bí ẹ ṣe lè rí fáìlì tó fara pamọ́

Ẹ gbé flash lọ sí business centre láti tẹ iṣẹ́ jáde, ẹ délé, gbogbo fódà ti di shortcut. Ẹ má tíì fọ́máàtì rẹ̀ o! Lọ́pọ̀ ìgbà, fáírọ́ọ̀sì ò pa fáìlì yín rẹ́, ó kàn fi wọ́n pamọ́ ni. Ẹ má sì tẹ shortcut yẹn, òun ló ń jí fáírọ́ọ̀sì dìde.

Ẹ kọ́kọ́ fi antivirus yẹ flash náà wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí File Explorer. Lórí Windows 11, ẹ tẹ View, Show, kí ẹ wá tẹ Hidden items. Ti Windows 10 wà nínú View tààrà.

Ẹ ò rí nǹkan kan síbẹ̀? Á jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ti sọ wọ́n di fáìlì ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ sí Options, ẹ tẹ View, kí ẹ yọ àmì tó wà níwájú Hide protected operating system files. Windows á kìlọ̀ fún yín; ẹ tẹ Yes, lẹ́yìn náà OK.

Ẹ kó fáìlì yín síbòmíì, kí ẹ sì dá àmì náà padà. Ẹ má fọwọ́ kan pagefile.sys àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí nínú C. Kì í ṣe ìdọ̀tí; àwọn ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá pa èyí tó ṣe kókó rẹ́, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti tàn.