Apá Ọmọ Ọ̀dọ̀ Ni Pọ́ǹpù Àkọ́kọ́

1/ Pọ́ǹpù àkọ́kọ́ tó gbé iyùn ró láàyè nínú ilé èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ o. Apá ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí omi ṣe ń rìn nínú táǹkì gíláàsì láti 1846 títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ ra pọ́ǹpù á rí ọgbọ́n kó níbẹ̀, ẹni tí ò fẹ́ rà á gbádùn ìtàn. 🧵

2/ Iyùn tí àwọn ọba wa ń wọ̀ sọ́rùn, ṣé ẹ mọ̀ pé egungun ẹranko inú òkun ni? Èyí tó pupa yẹn, Òkun Mẹditaréníà ló ti wá. Ìbátan rẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ òkè iyùn sínú òkun ilẹ̀ olóoru. Ẹranko kéékèèké ni wọ́n. Wọ́n lẹ́nu, wọ́n lọ́wọ́ tó yí ẹnu ká, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò sí.

3/ Ẹni tí ò lẹ́sẹ̀ ò lè lọ sọ́jà, ọjà ló gbọ́dọ̀ wá bá a. Omi tó ń ṣàn ló ń gbé oúnjẹ àti ọ́síjìn wá fún iyùn, òun náà ló ń kó ìdọ̀tí ara rẹ̀ lọ. Tí omi bá dúró sójú kan, ìdọ̀tí á bò ó, ọ́síjìn á tán lára rẹ̀, ó di kó máa kú lọ díẹ̀díẹ̀.

4/ Ó dọdún 1846. Obìnrin kan wà ní London, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà Westminster Abbey. Ó lọ sí Torquay ní etíkun gúúsù England, ó rí àwọn iyùn kéékèèké lára àpáta, wọ́n wù ú. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànrìnkàn ńlá kan, ó kó wọn sínú ìkòkò omi òkun, ó gbé wọn lọ sílé.

5/ Wàhálà dé. London ò sí létí òkun. Omi tó gbé wá náà ló gbọ́dọ̀ máa lò. Kí ló ṣe? Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló dúró níwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, tó ń da omi yẹn láti inú ohun èlò kan sí òmíràn, lọ sí bọ̀, kí atẹ́gùn lè wọ inú ẹ̀. Bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú 45. Lójoojúmọ́!

6/ Iyùn yẹn yè. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Nígbà tó yá, Anna Thynne fi koríko òkun kún un, ìyẹn náà ràn án lọ́wọ́. Lónìí, tí wọ́n bá ń ka àwọn tó kọ́kọ́ sin ẹranko òkun nínú gíláàsì, orúkọ rẹ̀ máa ń wà níwájú. Ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́? “Ọmọ ọ̀dọ̀” náà ni ìtàn ń pè é. Ó tán.

7/ Kí ló dé tó fi dùn mí tó báyìí? Nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀, mo ní táǹkì kékeré kan, ẹja márùn-ún. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n mú iná, wọn ò dá a padà. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, mo rí i tí gbogbo ẹja ti wá sókè omi, wọ́n ń la ẹnu. Mo mú ife, mo ń bu omi, mo ń dà á padà láti òkè títí ilẹ̀ fi mọ́. Mẹ́ta yè. Apá mi ò ṣeé gbé sókè.

8/ Ìgbà tí mo wá ka ìtàn Thynne, mo ní, áà, èmi náà ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Òru ọjọ́ kan péré ni tèmi o. Ti obìnrin yẹn, ojoojúmọ́ ni, iyùn náà kì í sì í ṣe tiẹ̀.

9/ Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ní 1853, ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja fún aráàlú. Ní 1854, Philip Henry Gosse gbé ìwé rẹ̀, The Aquarium, jáde, gbogbo olówó wá ń fẹ́ òkun nínú pálọ̀. Èrò wọn ni pé tí koríko omi bá ti wà pẹ̀lú ẹranko, ó parí. Kò parí. Omi ò rìn, táǹkì ń rà.

10/ William Alford Lloyd ló wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ṣiṣẹ́ sí aquarium Hamburg ní 1864, ó tún ṣe ti Crystal Palace ní London ní 1871. Ọgbọ́n rẹ̀: gbẹ́ àgbá omi ńlá sí abẹ́ ilẹ̀ nínú òkùnkùn, kí pọ́ǹpù máa fa omi lọ sókè, kó máa ṣàn gba inú àwọn táǹkì padà sísàlẹ̀, tọ̀sán tòru. Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀.

11/ Àmọ́ ti ilé ńlá nìyẹn. Nínú ilé àwa mẹ̀kúnnù, afẹ́fẹ́ tó ń hó gùdùgùdù nínú omi ni wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1961, Lee Chin Eng ní Indonesia kọ̀wé nípa tiẹ̀: omi òkun gidi, òkúta òkun tí ohun abẹ̀mí kún inú ẹ̀, oòrùn, àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń hó. Iyùn rẹ̀ ń dàgbà. Ṣùgbọ́n òkun wà nítòsí ẹ̀ o, oòrùn ò sì wọ́n ọn.

12/ Àwọn mìíràn ní rárá, ìgbì la fẹ́, kì í ṣe híhó. Walter Adey ti Smithsonian, tó gbé òkè iyùn sínú mùsíọ́ọ̀mù ní Washington ní 1980, lo korobá tó ń yí dànù: omi á kún un, á wúwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì dojú dé gbàà! Ìgbì dé.

13/ Bruce Carlson ní Waikiki Aquarium, Hawaii, tiẹ̀ dùn jù. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń fi họ́ọ̀sì fa bẹntiróòlù? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Pọ́ǹpù kékeré á máa bu omi sínú àgbá lókè. Tó bá kún dé ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọdọrọ, páìpù á fà á, gbogbo omi á ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á dúró. Á tún bẹ̀rẹ̀.

14/ Powerhead ló wá gba inú ilé: mọ́tò kékeré tó ń gbé inú omi. Ojú ihò rẹ̀ kéré, omi rẹ̀ ń ta bíi ti họ́ọ̀sì. Ibi kan ń jìyà, ibi kejì ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni Tunze ti Jámánì gbé èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ jáde: omi púpọ̀, tó tẹ́ rẹrẹ, iná díẹ̀. VorTech tẹ̀ lé e: mọ́tò wà lẹ́yìn gíláàsì, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ inú omi, kí ooru mọ́tò má bàa sè wọ́n.

15/ Ó yá, ẹ̀yin tó fẹ́ rà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú iyùn tẹ́ ẹ fẹ́ sìn. Iyùn rírọ̀ lè fi ara mọ́ kí gbogbo omi táǹkì yí ní ìlọ́po 10 sí 20 ní wákàtí kan. Acropora àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó le bí òkúta máa ń fẹ́ 20 sí 40, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Táǹkì lítà 200, ìlọ́po 30: lítà 6,000 ní wákàtí nìyẹn.

16/ Ẹ má ra ẹyọ kan tó ń gbé 6,000 o. Ẹ ra méjì tó ń gbé 3,000-3,000. Ẹ kọjú wọn síra kí omi wọn máa kọlu ara, kó má sí igun tí ìdọ̀tí lè jókòó sí. Ẹ má dojú pọ́ǹpù kọ iyùn tààrà, á bó ẹran ara rẹ̀. Kí ojú omi lókè sì máa mì, ibẹ̀ ni ọ́síjìn ń gbà wọlé.

17/ Àgbà ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Nínú òkun iyùn, ó ń bojú wẹ̀yìn: ìgbì á lọ, á bọ̀. Torí náà pọ́ǹpù tẹ́ ẹ lè yí agbára rẹ̀ sókè sódò dára ju èyí tó ń tì síbì kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

18/ Èyí tó ṣe pàtàkì jù ló kẹ́yìn: tí iná bá lọ, ta ló máa da omi? Pọ́ǹpù DC lè lo bátìrì. Ẹ béèrè bóyá èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà lè gba bátìrì, kẹ́ ẹ tó béèrè iye ẹ̀. Ẹyọ kan tó rọra ń yí títí ilẹ̀ á fi mọ́ ti tó gbà wọ́n là.

19/ Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tó ń kùn wọ́ọ́ọ́ lóru, ẹ rántí obìnrin tó dúró níwájú fèrèsé ní London, atẹ́gùn òtútù ń fẹ́ sí i lójú, apá ń ro ó, omi ń lọ, omi ń bọ̀. Kò lórúkọ nínú ìtàn, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní táǹkì, kí lẹ máa ń ṣe tí wọ́n bá mú iná? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀. 👇🏾