Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Dàgbà

Tí a bá ń sọ ìtàn ẹgbẹ́ òṣèlú, iye ìbò tó ní la sábà máa ń kà. Ti Frente Negra Brasileira, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Bràsíl, kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1888 ni Bràsíl fòpin sí ẹrú níní. Ṣùgbọ́n òfin ní ẹni tí kò bá mọ̀ọ́kọ, tí kò mọ̀ọ́kà, kò gbọdọ̀ dìbò. Ta ló sì rán ọmọ ẹrú níléèwé?

Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní São Paulo lọ́dún 1931, wọ́n ṣí iléèwé. Wọ́n tún ń tẹ ìwé ìròyìn kan, A Voz da Raça. Arlindo Veiga dos Santos, ààrẹ wọn, díje lọ́dún 1933, kò wọlé. Lọ́dún 1936, wọ́n di ẹgbẹ́ òṣèlú gidi. Ìdìbò ààrẹ orílẹ̀-èdè ń bọ̀ ní oṣù Kìíní 1938. Àmọ́ ní oṣù Kọkànlá 1937, Getúlio Vargas sọ ara rẹ̀ di apàṣẹwàá, ó fagi lé ìdìbò náà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó parí nìyẹn.

Ṣé ká wá ní wọ́n fìdí rẹmi ni? Ó tì o! Ọdún 1985 ni Bràsíl ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹni tí kò mọ̀wé láàyè láti dìbò, ọdún 97 lẹ́yìn òmìnira. Nítorí náà, ká tó ka iye ìbò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: àwọn wo ni wọn ò jẹ́ kó dì í?