Erédò Súngbọ́: Odi Tí Ìjẹ̀bú Fi Ilẹ̀ Mọ

Ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ní odi àtijọ́ tí a fi òkúta mọ. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra dà lọ sísàlẹ̀ títí tí ó fi kan omi ọ̀sà, ilẹ̀ gan-an ni àwọn baba ńlá fi mọ odi tiwọn, nípa gbígbẹ́ ẹ sísàlẹ̀ kí ó lè ga lókè. Iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní Erédò Súngbọ́. Erédò ni kòtò gígùn tí a gbẹ́ yí ilẹ̀ kan ká, èyí tí àwọn Yorùbá mìíràn ń pè ní yàrà. Odi sì ni òkìtì tí ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Erédò yí ìjọba Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká, ó sì fi Ìjẹ̀bú-Òde sáàárín. Gígùn rẹ̀ ju 160 kìlómítà lọ, ilẹ̀ tí ó ká mọ́ sì tó nǹkan bí 40 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù. Ìta ni yàrà wà, inú ni odi wà, nítorí náà gbogbo ilẹ̀ tí a bá wà jáde ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń jin ọ̀nà ẹni tí ń bọ̀ láti ìta, ó sì ń gbé ibùdúró ẹni tí ó wà nínú ga. Níbi tí ó ti ga jù, ó tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Ilẹ̀ pupa líle, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, ni wọ́n gbẹ́, ìdí sì nìyí tí ẹ̀gbẹ́ yàrà fi ṣì dúró ṣánṣán ní ibi púpọ̀ lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí òjò ti ń rọ̀ sí i. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó rin ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, ṣírò rẹ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n kó ju gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ ibojì ńlá ọba Íjíbítì ní Gísà lọ.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi iṣẹ́ yìí sí ọwọ́ obìnrin kan, Bìlíkísù Súngbọ́, ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, tí ó pàṣẹ pé kí a gbẹ́ erédò kí orúkọ òun má baà parun. Òkè-Ẹ̀rì, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni a gbà pé ibojì rẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ èrò sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èèwọ̀ kò jẹ́ kí obìnrin wọ ibi mímọ́ náà. Àwọn kan gbà pé òun ni ayaba Ṣébà tí ó lọ bá Sólómọ́nì, nítorí Bìlíkísù ni orúkọ tí àwọn onítàn Mùsùlùmí fún ayaba náà.

Ṣùgbọ́n ayé Sólómọ́nì ti pẹ́ ju ayé Erédò lọ púpọ̀. Lẹ́yìn tí Peter Lloyd, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1959, ohun tí a kọ́kọ́ gbà ni pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn tí iṣẹ́ wọn ń jẹ́ Ifẹ̀-Súngbọ́ ní àìpẹ́ yìí, tí ó gbára lé àyẹ̀wò èédú, ìyẹn wíwọn ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú igi jíjóná láti mọ ìgbà tí igi náà kú, fi gbígbẹ́ rẹ̀ sí àárín 1370 àti 1420. Èyí bá ẹ̀rí mìíràn mu: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ Potogí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìjẹ̀bú jẹ́ ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká, ó sì dárúkọ ọba rẹ̀ ní ọ̀nà tí a fi mọ̀ pé Awùjalẹ̀, oyè ọba Ìjẹ̀bú, ni. Yàrà ti wà níbẹ̀ kí àlejò tó wá ròyìn rẹ̀.

Ìdí tí a fi gbẹ́ ẹ ṣì ń fa àríyànjiyàn. Àwọn kan ní nítorí ogun ni. Darling rí i bí ààlà tí ó ní ọ̀wọ̀ ẹ̀mí nínú. Gígùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, nítorí ó ṣòro kí ọmọ ogun kankan tó ṣọ́ 160 kìlómítà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n irú yàrà bẹ́ẹ̀ lè darí èrò sí ẹnubodè, níbi tí oníbodè, òṣìṣẹ́ ọba tí ń gba owó ọ̀nà, ti lè mọ ẹni tí ó wọlé àti ohun tí ó rù. Ìṣe Ìjẹ̀bú nìyẹn fún ìgbà pípẹ́: ó dúró sáàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè, ọjà bí Èjìnrìn sì wà létí omi, kí oníṣòwò etíkun lè ná an láìwọ inú ilẹ̀. Èyí kò yí padà títí di oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ gòkè, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú nínú ogun Ìmàgbọ̀n, ní ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe.

Ẹni tí ó bá lọ wo Erédò lónìí á sọ̀kalẹ̀ sínú òjìji, nítorí igi ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n sì ti pàdé lókè orí. Igbó yìí ni ó ṣọ́ ọ nígbà tí ènìyàn gbàgbé rẹ̀. Láti ọdún 1995 ni orúkọ rẹ̀ ti wà, pẹ̀lú Iya, ìyẹn àwọn yàrà àti odi ilẹ̀ Bìní, nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé, síbẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀, oko àti ilé ń gé e kúrú. Bí odi olókùúta bá wó, òkúta rẹ̀ á ṣẹ́ kù láti jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí a bá da ilẹ̀ Erédò padà sínú yàrà tí a ti wà á jáde, yàrà á kún, odi á pẹrẹsẹ, ọmọ tí a kò bí fún Súngbọ́ á sì tún kú mọ́ ọn lọ́wọ́.