Láti Ìkòkò Wàrà dé Agolo Mílíìkì

Ní Morogbo, lójú ọ̀nà Èkó sí Badagry, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká kọ́ńgò lè fi agolo mílíìkì ra gàrí. Mílíìkì inú agolo ti tán tipẹ́, agolo ti di òṣùwọ̀n. Bí ẹnìkan bá tún ń dín wàrà nítòsí, ìtàn méjì ti pàdé nìyẹn.

Wàrà ni àgbà. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, wàrà ni wọ́n pe ohun tí à ń pè ní mílíìkì. Lónìí, bí o bá béèrè wàrà lọ́jà, èyí tó dì ni wọn yóò bù fún ọ. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ti dì.

Ooru ló fà á. Mílíìkì tí wọ́n fún láàárọ̀ kì í dalẹ́ kó tó kan. Àwọn obìnrin Fúlàní kò ní fìríìjì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ewé bomubomu. Wọn á gbé mílíìkì ka iná rẹ́rẹ́, wọn á gún ewé, wọn á fi mílíìkì díẹ̀ fọ̀ ọ́, wọn á sẹ́ oje rẹ̀ sínú ìkòkò. Bó bá ti dì, wọn á bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi ro kúrò. Ojú agbọ̀n ni à ń rí lára wàrà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, tó wà nítòsí níhìn-ín, wàgàṣì ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń fi èèpo ọkà bàbà pa á láró pupa.

Etíkun kò rọrùn fún màlúù fúnra rẹ̀, nítorí eṣinṣin tsetse. Màlúù kékeré etí ọ̀sà ń fara da àìsàn eṣinṣin náà, ṣùgbọ́n mílíìkì rẹ̀ kéré. Ìjọba kó màlúù N'Dama wá láti Guinea sí Fásọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Òun náà, ẹran ló dára fún jù.

Agolo ló wá gba ọjà. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ mílíìkì WAMCO sílẹ̀ ní 1973. Ìyẹ̀fun mílíìkì láti òkè òkun ni ilé iṣẹ́ náà ń pò. Ní 2010 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra mílíìkì tútù lọ́wọ́ àwọn darandaran ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 2020, báńkì àpapọ̀ ní ilé iṣẹ́ mẹ́fà péré ni yóò rí dọ́là fi ra mílíìkì wọlé. Ilé iṣẹ́ Promasidor kó màlúù Jersey lọ sí Ikùn-Èkìtì. Iye lítà tí màlúù ń mú wá ni gbogbo wọn ń kà: ti Fúlàní lè má ju ọ̀kan tàbí méjì lọ lóòjọ́, ti Netherlands ju ogún lọ.

Èmi kò bá wọn jiyàn lítà. Ìkòkò àwọn obìnrin Fúlàní ni mo fẹ́ kí wọ́n wò. Igi ìdáná ń wọ́n, omi mímọ́ jìnnà, wàrà kì í sì pẹ́ bà jẹ́. Omi tó ro kúrò nínú agbọ̀n náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ di ìyẹ̀fun lókè òkun, tí wọ́n ń rọ sínú ike ńlá, tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin l'Ékòó ń fi owó gọbọi rà. Agbára, ìlú ilé iṣẹ́ ńláńlá, kò jìnnà sí Morogbo. Ẹ̀rọ kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Wàrà tí kò bá tà lọ́sàn-án, wọn á dín in. Epo gbígbóná ni fìríìjì rẹ̀.