Eku, Àgbọ̀nrín àti Ènìyàn: Ìtàn Ibà Eégbọn ní Erékùṣù Nantucket

1. Ìfáárà

Ní ọdún 1969, ibà mú obìnrin kan ní erékùṣù Nantucket, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí kòkòrò nínú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, èrò àkọ́kọ́ sì ni pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Babesia microti ni kòkòrò náà; inú ẹ̀jẹ̀ eku ni ó ń gbé bí àfòmọ́ ṣe ń gbé lórí igi, eégbọn ni ó sì ń gbé e kiri. Láàárín ọdún díẹ̀, irú àìsàn kan náà mú àwọn ẹlòmíràn ní erékùṣù náà, débi pé wọ́n ń pè é ní ibà Nantucket.

Èrò méjì ni ènìyàn lè ní lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé àìsàn tuntun ni. Èkejì ni pé àìsàn àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn kò dá a mọ̀. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé kò sí èyí tí ó tó nínú méjèèjì. Kòkòrò náà ti pẹ́ láyé. Bí ó ṣe wá di àìsàn àwọn ará erékùṣù ni ó jẹ́ tuntun. Ìtàn ilẹ̀ náà ni ó sì so ti àtijọ́ mọ́ ti ìsinsìnyí. Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán, nítorí pé ẹni tí a bá dá lẹ́bi ni a ó gbógun tì.

2. Ohun tí a ti mọ̀ ṣáájú 1969

Ní ọdún 1888 ni Victor Babeș rí irú kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ní Romania. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ẹ̀yà náà. Ní 1893, Theobald Smith àti F. L. Kilborne fi hàn ní Amẹ́ríkà pé eégbọn ni ó ń gbé ibà Texas láti ara màlúù kan dé ara òmíràn. Iṣẹ́ wọn yìí ṣáájú ìgbà tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní 1897.

Síbẹ̀, àìsàn ẹran ni gbogbo ènìyàn kà á sí. Nígbà tí ìròyìn ẹni àkọ́kọ́ tí ó mú jáde ní 1957, àgbẹ̀ kan nítòsí Zagreb, ní Yugoslavia ìgbà náà, ni. Ọkùnrin náà kú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọlọ inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọlọ inú ni ó máa ń sẹ́ hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó bàjẹ́ kúrò nínú ara. Nítorí náà, ó jọ pé ẹni tí kò ní ọlọ inú nìkan ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù. Obìnrin Nantucket ni ó ba èrò yìí jẹ́, nítorí pé ọlọ inú tirẹ̀ wà ní pípé.

3. Iṣẹ́ ẹranko kọ̀ọ̀kan

Andrew Spielman ti Yunifásítì Harvard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tú ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà. Ní 1979, wọ́n sọ eégbọn tí ó ń gbé e ní Ixodes dammini. Ní 1993, àwọn onímọ̀ mìíràn fi hàn pé òun kan náà ni Ixodes scapularis tí a ti mọ̀ tipẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni eégbọn yìí máa ń mu ẹ̀jẹ̀ láyé rẹ̀: nígbà tí ó wà ní ọmọ-ọwọ́, nígbà tí ó di màjèṣí, àti nígbà tí ó dàgbà. Ìyá rẹ̀ kì í fi Babesia microti sínú ẹyin. Láìní kòkòrò ni ọmọ-ọwọ́ ń jáde. Ara eku, pàápàá eku ẹlẹ́sẹ̀ funfun, ni ó ti ń kó o. Bí ìgbà òtútù bá kọjá, ó ti di màjèṣí tí kò ju nǹkan bíi mílímítà kan ààbọ̀ lọ. Òun ni ó ń jẹ ènìyàn jù ní ìgbà ìrúwé àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, tí ẹni tí ó jẹ kò sì ní fura. Bí ó bá dàgbà tán, ara àgbọ̀nrín ni ó ń wá. Ibẹ̀ ni abo ti ń mu àmuyó kí ó tó lọ yé ẹyin tí ó lè tó ẹgbẹ̀rún méjì.

Nípa bẹ́ẹ̀, eku ni ilé kòkòrò náà, àgbọ̀nrín ni olùbọ́ eégbọn. Àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀ kì í tọ́jú Babesia microti. Ènìyàn ńkọ́? Àlejò ni, kòkòrò náà kò nílò rẹ̀ rárá.

4. Ìtàn ilẹ̀ náà

Ní ìgbà tí Nantucket lókìkí nínú ọdẹ àbùùbùtán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgùntàn ni ó ń jẹko níbẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ gbalaja. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òwò àbùùbùtán wó, àgùntàn dínkù, igbó kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í bo pápá. Ilé bọ́ sí i fún eku.

Àgbọ̀nrín kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà náà. Ní 1922, àwọn apẹja rí akọ kan tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú òkun, wọ́n sì gbé e wá sí erékùṣù náà. Ní 1926, wọ́n kó abo méjì wá láti Michigan kí ó lè ní ẹnìkejì. Àánú ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n irú wọn bí sí i, wọ́n sì pọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí ń wá gbafẹ́ ní ìgbà ooru bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sáàárín igbó yìí gan-an. Ìgbà tí eku, àgbọ̀nrín àti ènìyàn pàdé lójú kan ni ibà náà jáde.

Ẹnìkan lè wí pé pé ohun kan tẹ̀lé òmíràn kò fi hàn pé òun ni ó fà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí méjì ti èrò yìí lẹ́yìn. Ní erékùṣù Naushon tí kò jìnnà, níbi tí àgbọ̀nrín kò ti parun, eégbọn yìí ti wà ní àwọn ọdún 1920. Lẹ́ẹ̀kejì, ní àwọn ọdún 1980, wọ́n mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àgbọ̀nrín kúrò ní Great Island ní Cape Cod. Ọmọ-ọwọ́ eégbọn tí wọ́n ń rí lára eku sì dínkù gidigidi.

5. Ìgúnlẹ̀

Bí a bá dá eku nìkan lẹ́bi, a gbàgbé pé ó ti ń gbé pẹ̀lú kòkòrò náà láìpa ẹnikẹ́ni lára. Bí a bá dá àgbọ̀nrín nìkan lẹ́bi, a gbàgbé ẹni tí ó gbé e wá. Dídín àgbọ̀nrín kù lè dín eégbọn kù, ṣùgbọ́n kò lè tún ohun tí a fi ilẹ̀ ṣe ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí erékùṣù kan mọ́. Láti 2011 ni wọ́n ti ń ka àìsàn yìí mọ́ àwọn tí a ń ròyìn fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí aláìsàn lára pàápàá lè gbé e. Nítorí náà ni àjọ tí ń mójú tó oògùn níbẹ̀ fi dá a lábàá ní 2019 pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn olùtọrẹ wò ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti wọ́pọ̀. Àgbàlagbà àti ẹni tí kò ní ọlọ inú ni ó ń pa jù. Fún irú wọn, ìtàn àgùntàn tí ó lọ àti àgbọ̀nrín tí ó dé kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó ti ń parí.