Ìdàgbà goldfish nínú àpótí gíláàsì

Goldfish ni ẹja pupa rẹ́súrẹ́sú tí àwọn ará Ṣáínà ti ń sìn fún ohun tó lé ní 1,000 ọdún. Nínú adágún, ó lè gùn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Nínú abọ́ orí tábìlì, ọ̀pọ̀ kì í ju ìka ọwọ́ lọ kó tó kú. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ilé ni ẹja ń wò dàgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀: omi ti máa ń há mọ́ ọn kí gíláàsì tó há.

Amóníà ni ẹja ń tú sómi, ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí sì ni púpọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde. Bí omi bá kéré, kíá ló ń pọ̀ níbẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń sọ ọ́ di náítíráìtì, òmíràn á wá sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Nínú tánkì tuntun, àwọn kòkòrò yìí lè lo ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Kí omi mọ́ gaara kì í ṣe ẹ̀rí pé kò léwu. Amóníà kò ní àwọ̀. Ní 25°C, bí pH bá jẹ́ 7, ìdá tó jẹ́ májèlé nínú rẹ̀ kò pé 1 nínú 100; bí pH bá di 8, ó ti tó bíi 5 nínú 100. Náítíráìtì ní tirẹ̀ ń sọ ẹ̀jẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, ẹja á wá máa la ẹnu lójú omi. Ẹja tó wà nírú ipò yìí kì í jẹun dáadáa, ara rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi.

Ojú omi ni ọ́síjìn ń gbà wọlé, nítorí náà abọ́ roboto tí wọ́n bu omi sí dé ọrùn, tí ojú omi rẹ̀ sì kéré, kò dára. Ìlú Róòmù fòfin dè é fún goldfish ní 2005.

Àwọn kan gbà pé ẹja fúnra rẹ̀ ń tú èròjà kan tó ń dá ìdàgbà dúró sínú omi. Ìwádìí lórí àwọn ẹja kan tí wọ́n kó há mọ́ra tọ́ka sí i, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára amóníà, ebi àti ìjà. A ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló ń dá ìdàgbà goldfish dúró.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kan ẹja mìíràn náà: àrọ̀ inú tánkì àti tapolín lọ́dọ̀ wa lè mí afẹ́fẹ́ òkè, nítorí náà ọ́síjìn tó dín nínú omi kì í tètè pa á. Ṣùgbọ́n mímí afẹ́fẹ́ kò gbà á lọ́wọ́ amóníà.

Ní ti ẹ̀mí gígùn, Tish, goldfish kan ní North Yorkshire, pé ọdún 43 kó tó kú ní 1999.