Àjò kì í dùn kí onílé má relé: ìtàn àwọn tó re Jerúsálẹ́mù

Ohùn mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àwọn tí kò ní dátà láti gbọ́ ọ ní kí n jẹ́ kí ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Òun náà nìyí. Ibi tí mo ti ń wúkọ́, ó ti yọ ọ́ kúrò.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú wa tó ń ta ata gbígbẹ ní ọjà Oliha wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ní òun fẹ́ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òun re Jerúsálẹ́mù. Ọdún mẹ́rin ló ti ń dá àjọ nítorí ẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó pé. Ó fẹ́ yá ìyókù nínú owó ẹgbẹ́ wa, ó wá fẹ́ kí n ṣe onígbọ̀wọ́ òun. Mo dákẹ́. Ìyá náà wojú mi, ó ní, "Ìyá Tọ́lá, nítorí ti ẹni yẹn ni, àbí?"

Àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ mọ ẹni tó ń wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ gbọ́. Lọ́dún tó ṣáájú kòrónà, arákùnrin wa kan yá owó ẹgbẹ́, ó bá èrò lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé fún un. Ní alẹ́ kẹta tí wọ́n débẹ̀, ó jáde ní òtẹ́ẹ̀lì, kò sì padà. Àwọn tí wọ́n jọ lọ dé, òun ò dé. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń yọ owó nínú èrè èlùbọ́ mi san gbèsè tí n kò jẹ.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìtàn kiri, tí mo sì ń bi àwọn àgbà léèrè. Mo fẹ́ mọ ohun tí ìrìn àjò mímọ́ jẹ́ fún àwọn tó ti lọ ṣáájú wa. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, kí n tó sọ èsì tí mo fún ìyá aláta.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹnu ọjà tiwa bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ la ń pe Oliha, Oliha. Oyè ni. Oliha ni olórí àwọn Uzama, àwọn afọbajẹ Ìbíní. Ìtàn tí Jacob Egharevba kọ sílẹ̀ sọ pé nígbà tí ìlú kò ní ọba, àwọn àgbà ránṣẹ́ sí Odùduwà ní Ifẹ̀ pé kó fún àwọn lọ́mọ aládé kan. Odùduwà fẹ́ dán wọn wò. Ó fi iná orí méje ránṣẹ́ sí Oliha, ó ní kó tọ́jú wọn, kó sì dá wọn padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Iná orí o! Ohun tí gbogbo ayé ń pa dànù. Oliha tọ́jú wọn. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, ó dá wọn padà, wọ́n ti pọ̀ sí i, wọ́n sì ti tóbi. Odùduwà ní ẹni tó lè tọ́jú iná orí báyìí lè tọ́jú ọmọ òun. Ló bá fi Ọ̀rànmíyàn ránṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Ìbíní ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ ọba tiwọn, Ekaladerhan, ló lọ di Odùduwà ní Ifẹ̀. Àlejò ni wá níbí, ẹ má bá onílé jiyàn lórí ìtàn ilé ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé orúkọ ẹni tí wọ́n fi nǹkan síkàáwọ́ rẹ̀, tó sì dá a padà, là ń tajà lábẹ́ ẹ̀.

Ó wá kan Jerúsálẹ́mù. Ẹ ó ní báwo? Ẹ fara balẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1486, àwọn Potogí dé Ìbíní. Ọba Ìbíní rán aṣojú lọ bá ọba wọn, João kejì. Òǹkọ̀wé Potogí kan, João de Barros, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1552, kọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Ìbíní. Wọ́n ní ọba ńlá kan wà lọ́nà jíjìn tí wọ́n ń pè ní Ogane. Bí ọba tuntun bá gorí oyè ní Ìbíní, á rán oníṣẹ́ lọ bá Ogane pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ogane á fi ọ̀pá, adé idẹ àti àgbélébùú idẹ ránṣẹ́ padà, kí ọba tuntun máa fi kọ́rùn. Láìsí nǹkan wọ̀nyí, àwọn èèyàn ò ní gbà pé ọba ni. Oníṣẹ́ náà ò ní rí ojú Ogane o. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló máa ń wà. Ìgbà tí oníṣẹ́ bá fẹ́ máa lọ ni wọ́n á yọ ẹsẹ̀ ọba kan jáde lábẹ́ aṣọ, kó mọ̀ pé ó wà nínú ilé lóòótọ́, ó sì ti gbà. Wọ́n á wá fi àgbélébùú kékeré kan kọ́ oníṣẹ́ náà lọ́rùn, bíi tọba.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé Ọọ̀ni Ifẹ̀ ni Ogane yìí. Àwọn kan ń jiyàn, torí Barros ní ìlà oòrùn Ìbíní ló wà, Ifẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó jọ mí lójú. Ìrìn àjò mímọ́ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó wàásù Jésù fún wọn. Wọ́n rin ọ̀nà jíjìn, wọn ò rí ju ẹsẹ̀ kan lọ, wọ́n sì padà wálé. Bí oníṣẹ́ náà bá jókòó sọ́hùn-ún, ọba tuntun ò ní nǹkan tí yóò fi kọ́rùn. Pípadà ẹ̀ ni iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ọba Potogí gbọ́ àgbélébùú, ojú ẹ̀ là. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ ní Yúróòpù pé ọba Kristẹni kan wà lọ́nà jíjìn tí wọ́n ń pè ní Prester John. Wọ́n rò pé Ogane lòun. Lọ́dún 1487, ọba rán ọkùnrin méjì gba orí ilẹ̀ lọ wá a, Pêro da Covilhã àti Afonso de Paiva. Paiva kú sójú ọ̀nà. Covilhã rìn títí, ó dé Íńdíà, ó sì wọ Etiópíà níkẹyìn, níbi tí ọba Kristẹni wà lóòótọ́. Ọba ibẹ̀ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó fún un nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó lọ mọ́. Nígbà tí àwọn aṣojú Potogí débẹ̀ lọ́dún 1520, wọ́n bá a níbẹ̀, ó ti fẹ́yàwó, ó ti di onílẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó ti kúrò nílé. Wọ́n dì í mú ni, kò sá. Èyí ni mo máa ń rò lóru. Ẹni tí kò padà, ṣé gbogbo wọn ló sá?

Ẹ wá jẹ́ ká dé Jerúsálẹ́mù gan-an. Ìgbà ayé Constantine, ọba Róòmù tó gba ẹ̀sìn Kristẹni, ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ibi tí wọ́n gbà pé wọ́n sin Jésù sí. Ọdún 335 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Láti ìgbà náà ni èrò ti ń wọ́ lọ. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, obìnrin kan láti ìhà ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, Egeria, lọ síbẹ̀. Ó lò tó ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Kò gbàgbé ilé. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo ohun tó rí, títí kan bí wọ́n ṣe ń ṣe Àjíǹde ní Jerúsálẹ́mù. Lẹ́tà yẹn wà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan ẹ̀ ti sọnù. Obìnrin bíi tiwa ni, ohùn ẹ̀ ló fi ránṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà yìí, ìjọ mẹ́fà ló pín in lò, wọn ò sì fọkàn tán ara wọn. Ìdílé Mùsùlùmí méjì, Joudeh àti Nuseibeh, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ìkejì ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn mọ́ńkì Etiópíà, àwa aláwọ̀ dúdú, orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ilé tiwọn wà, nínú àwọn yàrá kéékèèké. Ẹ ẹ̀ rí i pé níbi mímọ́ jù lọ pàápàá, onígbọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń gbé.

Ní Nàìjíríà tiwa, ti Mẹ́kà ni ìjọba kọ́kọ́ mójú tó. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ dá ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú àwọn tó ń lọ Mẹ́kà sílẹ̀ lọ́dún 1958, Kristẹni sì ni Awólọ́wọ̀. Ti Jerúsálẹ́mù ṣòro díẹ̀. Lọ́dún 1973, nígbà ogun Ísírẹ́lì àti Íjíbítì, Nàìjíríà já okùn àárín òun àti Ísírẹ́lì. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un so. Lọ́dún 2007, òfin gbé àjọ Nigerian Christian Pilgrim Commission kalẹ̀. Àwọn tó ń lọ máa ń dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Násárẹ́tì, òkun Gálílì àti odò Jọ́dánì. Ní Kánà, tọkọtaya máa ń tún ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó wọn jẹ́. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á fi JP sẹ́yìn orúkọ. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 tún dí ọ̀nà náà lọ́wọ́.

Láàárín gbogbo èyí làwọn kan ti ń sá lọ. Àjọ náà ti pariwo rẹ̀ léraléra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè onígbọ̀wọ́. Ẹnì kan á sá, ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n á máa fura sí.

Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé kí la ń wá débẹ̀, ìgbà tí Ìkẹjì-Arákẹjì ò jìnnà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ náà tóó lọ. Ọdún 1928 ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ katapílà tó ń tẹ ọ̀nà, gbọ́ ìpè níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wọ́n gbé e wá sí ìlú tá a wà yìí? Lọ́dún 1932, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Ìbíní nítorí ìwàásù ẹ̀ lórí àwọn àjẹ́ ní Otuo. Ó ṣe é tán, ó jáde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tí agbára ẹ̀ ò ká Jerúsálẹ́mù kò pàdánù o. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọdún mẹ́rin dá àjọ, ẹ má bú u pé oyè ló ń wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ju òwe àwọn bàbá wa lọ: àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìlọ jẹ́ ìdajì, àbọ̀ ni ìdajì kejì. Ẹni tó bá lọ sí Jerúsálẹ́mù tí kò fẹ́ padà, ó rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn àjò mímọ́. Ìwé tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́sí, mo rò pé owó nìkan ni mo ń dúró fún. Àbọ̀ ẹ̀ ni mo ń dúró fún.

Mo ti dá ìyá aláta lóhùn. Mo ní màá fọwọ́ sí i. Ogún ọdún ni mo ti ń rí ìyá yẹn tó ń lọ ra ata lókè ọya, kò sí ọjọ́ tó dá fún wa tí kò pé. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ẹ́: bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú ní àbọ̀, kó fi ohùn síbí kó tó kó ẹrù.

Ẹ̀yin ọmọ ọjà, ẹ̀bẹ̀ tiyín náà wà. Ìyàwó arákùnrin yẹn ṣì ń tajà láàárín wa, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní "Ìyàwó Jerúsálẹ́mù" tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Kì í ṣe òun ló yáwó, kì í ṣe òun ló sá.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹnì kan ni mo ń bá sọ ọ́. Àwọn kan ní kí n yọ nọ́ńbà ẹ̀ kúrò nínú gúrúùpù. Èmi ni ádímíìnì, mi ò yọ ọ́. Arákùnrin mi, bó o bá ń gbọ́ tàbí tó ò ń kà á níbi tó o wà, mo ti san gbèsè yẹn tán, owó kọ́ ni mo ń wá. Bí wọ́n bá dì ọ́ mú, jẹ́ ká mọ̀. Bó bá jẹ́ ojú ló ń tì ọ́, pe ìyàwó rẹ.

Ó dàárọ̀ o. Ẹ kú ìmúra ọjà ọ̀la.